Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń dá obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà àyẹ̀wò ọmú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àrùn jẹjẹrẹ ọmú, inú mi dùn pé ẹ fún un ní ojú ewé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n ta ko ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ń ṣi àwọn tó fẹ́ ran obìnrin lọ́wọ́ lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọmú wò ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn obìnrin kí wọ́n tó wọlé síbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú, èmi náà ni wọ́n sì máa ń rán sí àwọn tí wọ́n pè tí wọn ò wá. Ẹnu àwọn obìnrin fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Àwọn tí kì í wá mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ń pa ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti bá wọn sin ẹni tó pa. Olùkọ́ wà nínú wọn, agbẹjọ́rò wà nínú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Mo mọ ọ̀kan tó máa ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nípa àyẹ̀wò ọmú, tó sì mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa, àmọ́ tí kò dúró síwájú ẹ̀rọ yẹn rí títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ mọ̀." Kí lẹ fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ohun tó ti gbà lọ́kàn ló borí gbogbo ohun tó mọ̀.

Àwọn kan ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi ẹ̀rọ ẹ́síréè yẹ àyà àwọn ènìyàn wò nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ bá àwọn ènìyàn ládùúgbò wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò yọjú. Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, tí Godfrey Hochbaum àti Irwin Rosenstock wà lára wọn, wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Hochbaum bá àwọn àgbàlagbà tó lé ní 1,200 sọ̀rọ̀ ní ìlú mẹ́ta, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Nínú àwọn tó gbà pé àrùn náà lè ṣe àwọn, tí wọ́n sì tún gbà pé àǹfààní wà nínú kí wọ́n tètè rí i, 82 nínú 100 ló ti fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ ya àwòrán àyà. Nínú àwọn tí kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, 21 péré nínú 100 ló lọ. Ohun tó wà lọ́kàn wọn kí ọkọ̀ náà tó dé àdúgbò ló pín wọn sí méjì.

Lọ́dún 1984, Victoria Champion, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tiwa, mú èrò yìí wá sórí ọ̀rọ̀ ọmú. Ó ṣe àkójọ ìbéèrè tí èèyàn lè fi mọ ohun tó wà nínú obìnrin. Ṣé ó rò pé àrùn yìí lè ṣe òun? Báwo ló ṣe rò pé ó le tó? Àǹfààní wo ló rí nínú àyẹ̀wò, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́? Wọ́n ti tú àwọn ìbéèrè náà sí èdè púpọ̀ láti ìgbà náà wá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó kọ́kọ́ bi obìnrin léèrè kó tó máa là á lóye. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń fún obìnrin lésì ìbéèrè tí kò bi wá, a óò wá bínú pé kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́: "Kò dùn mí."

Ọmọ ìyá kan ló fipá mú ìyá náà wá sọ́dọ̀ wa. Kókó tó wà lọ́mú rẹ̀ ti tóbi débi pé èèyàn ń rí i láti orí aṣọ. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ọwọ́ ló fi bá a nígbà tó ń wẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?" Ẹnu yà á sí ìbéèrè mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò dùn mí. Bó bá ń dùn mí ni, ǹ bá ti wá tipẹ́."

Mo bọ̀wọ̀ fún èsì yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé náà bọ̀wọ̀ fún un. Láti kékeré ìyá yẹn, ìrora ló ń sọ fún un pé nǹkan kan ń ṣe é. Eyín dùn ún, ó lọ yọ ọ́. Ìrọbí mú un, ó mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀. Orí fọ́ ọ, ó wá oògùn sí i. Ìrora kò tàn án jẹ rí. Ọgbọ́n tó fi tọ́jú ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló lò fún kókó yìí, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n náà ti já a kulẹ̀, torí pé jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kó ìwé tí wọ́n kọ "Jẹjẹrẹ ọmú léwu" sí lé e lọ́wọ́, kò sí nǹkan kan tí yóò yí padà, ó kúkú mọ̀ pé ó léwu. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí ni pé àrùn burúkú lè wà lára láìdun ẹni tó wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yẹn fún gbogbo obìnrin tó bá jókòó síwájú mi, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Mo máa ń rí i lójú wọn nígbà tó bá wọ̀ wọ́n létí.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni "Kò sí nínú ìdílé wa." Ìgbàgbọ́ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń jogún ewu àrùn yìí. Apilẹ̀ àbùdá, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló ń fà á bó bá ní àbùkù: àwọn onímọ̀ rí èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA1 lọ́dún 1994, wọ́n rí BRCA2 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bíi 5 sí 10 péré ni tiwọn jẹ́ àjogúnbá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì lára àwọn tó ń ní in ni kò ní ohun mìíràn tó lè fà á ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin, wọ́n sì ti ń dàgbà. Ẹni tí kò rí i nínú ìdílé rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ewu. Bákan náà ni ẹni tó fún ọmọ lọ́mú: ọmú fífún ọmọ máa ń dín ewu kù lóòótọ́, àmọ́ kì í mú un kúrò pátápátá. Àwọn tí ọmú wọn kéré náà máa ń sọ fún mi pé kò sí àyè fún àrùn níbẹ̀. Àyè wà. Àwọn ọkùnrin pàápàá ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ju 1 lọ nínú 100 tó ní in.

Ìgbàgbọ́ tó wúwo jù ni pé kò sí àǹfààní kankan nínú kí wọ́n rí i. "Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gé ọmú mi, màá sì kú náà ni." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Mo rò ó títí kí n tó mọ ibi tó ti ń wá. Àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá, gbogbo ayé ló ń rí wọn. A rí wọn bí wọ́n ti ń rù, a lọ kí wọn lórí àìsàn, a tẹ̀ lé wọn dé ibojì. Àwọn tí wọ́n tètè rí tiwọn ńkọ́? Wọ́n gba ìtọ́jú, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ àwọn obìnrin tí wọ́n wo jẹjẹrẹ ọmú sàn fún tí àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó sí ibi ìjọsìn kan náà kò mọ̀. Bí ikú bá ń pariwo tí ìwòsàn ń dákẹ́, kí lẹ rò pé èèyàn yóò gbà gbọ́? Ohun tó ń fojú ara rẹ̀ rí ni. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ tàbí òpè nítorí ìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yẹn tún máa ń bí ara rẹ̀. Ẹni tó gbà pé ikú ni kì í tètè wá. Ẹni tí kò bá tètè wá, ikú sábà máa ń pa á lóòótọ́. Àwọn tó bá rí òkú rẹ̀ á wá gbà pé ikú ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2022, wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára obìnrin mílíọ̀nù 2.3 káàkiri ayé, ó sì pa ènìyàn 670,000. Àwọn kan náà ló sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó lọ́wọ́, ó lé ní 90 nínú 100 obìnrin tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5 tí wọ́n ti rí i. Ní Íńdíà, 66 ni. Ní South Africa, 40 ni. Àrùn kan náà ni o. Ìgbà tí wọ́n rí i àti ìtọ́jú tó wà níkàáwọ́ wọn ló yàtọ̀.

Mo máa ń sọ ìtàn Betty Ford fún àwọn tó bá ní ikú ni. Ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà ni nígbà náà. Lọ́dún 1974, nǹkan kan kò ṣe é. Ó kàn tẹ̀ lé obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí ìyẹn fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò, ó ní kí wọ́n yẹ òun náà wò. Wọ́n bá kókó lọ́mú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì fi pamọ́ fún ará ìlú, ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àrùn yìí ní gbangba. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ fún àyẹ̀wò. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Happy Rockefeller, ìyàwó ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì ààrẹ, yẹ ara rẹ̀ wò nítorí ohun tó gbọ́, ó sì rí tirẹ̀ náà. Ọdún 2011 ni Betty Ford tó kú, ẹni ọdún 93 ni. Mo máa ń dúró níbẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn ṣírò rẹ̀ láti 1974.

Olóòtú, ibí ni ọ̀rọ̀ kan yín gan-an. Àwòrán tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpilẹ̀kọ yẹn, ọmú tó ti jẹrà, tó ti di egbò, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n kí wọ́n lè lọ. Mo ti rí iṣẹ́ tí àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Wọ́n lẹ̀ ọ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn obìnrin wa ti ń jókòó dúró de dókítà nígbà kan, mo sì ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń yí àga wọn kí wọ́n má bàa dojú kọ ọ́. Ẹ̀rù tí wọn ò bá fi ọ̀nà àbáyọ hàn lẹ́yìn rẹ̀ máa ń mú kí èèyàn sá fún ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó rí àwòrán yẹn tó sì mọ̀ pé òun ní kókó kékeré kan, ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ òun ń lọ lójú ara rẹ̀. Kí ló fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wa? Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kókó tí wọ́n ń bá lọ́mú obìnrin kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ẹ kọ ìyẹn sí ojú ìwé kìíní.

Àwọn kan ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó ṣe àwọn, àwọn mìíràn ní bí èèyàn bá ń wá àìsàn kiri, yóò rí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ rí, torí pé onígbàgbọ́ ni èmi náà. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé ẹni tó ń gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ má ṣàìsàn, ṣé kì í gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni? Ní ti pé àyẹ̀wò ń fa àìsàn wá, ẹ̀rọ kì í fi kókó tí kò sí lára ẹni síbẹ̀. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ ni kí olórí ìjọsìn fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó pásítọ̀ kan tàbí ìyá àgbà inú mọ́ṣáláṣí tó bá dìde tó ní òun ti lọ, pé àlàáfíà lòun dé, ó ti parí iṣẹ́ tí èmi ìbá fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe.

Ẹ̀rọ náà alára ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀ tó yí i ká. Wọ́n ní ó ń tẹ ọmú pa, wọ́n ní ìtànṣán tó fi ń ya àwòrán gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ. Mi ò ní purọ́ pé kò ká ni lára. Wọ́n á gbé ọmú lé pẹpẹ kan, pẹpẹ mìíràn á wá tẹ̀ ẹ́ láti òkè kí ó lè fẹ̀, kí àwòrán lè mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà ń ya ọmú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láti òkè, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ lè mú ọjọ́ tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn tó bá parí, torí pé ọmú kì í dunni tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kí ó má fi páúdà tàbí òórùn dídùn sí abíyá lọ́jọ́ náà, torí ó lè hàn nínú àwòrán bí ohun tí kì í ṣe. Ìtànṣán tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tí ara gbogbo wa ń gbà láti inú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láàrin bí ọ̀sẹ̀ 7 lọ. Ìtìjú ló sábà ń wà lẹ́yìn gbogbo àwáwí yìí. Obìnrin kan dì mọ́ aṣọ rẹ̀ títí, ó ń bi mí nípa ìtànṣán, ó ń bi mí nípa ìrora. Nígbà tí mo sọ fún un pé obìnrin ni yóò yà á, pé ẹnikẹ́ni mìíràn kò ní wọlé, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ohun kan wà tí àwa tí a ń polongo àyẹ̀wò máa ń fi pamọ́, ó sì ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́: wọ́n lè pè yín padà kí ó sì jẹ́ pé kò sí nǹkan kan. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ya àwòrán ọmú 1,000 obìnrin, bíi 100 ni wọ́n ń pè padà fún àyẹ̀wò sí i. Nínú 100 yẹn, bíi 5 péré ni wọ́n ń rí jẹjẹrẹ lára wọn. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún, tí wọ́n wá pè padà, kò ní sùn títí ọjọ́ náà fi pé. Bí wọ́n bá wá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ó lè bínú kó má padà wá mọ́, á sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rù pa òun. Àwọn jẹjẹrẹ kan tilẹ̀ wà tí ẹ̀rọ ń rí, tó jẹ́ pé bí wọn ò bá rí i, kì bá tí yọ ẹni náà lẹ́nu láyé. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kò fi fẹnu kò sí ọjọ́ orí kan: Amẹ́ríkà ní láti ọdún 40 títí dé 74, lọ́dún méjì méjì, Bìrìtéènì ń pe àwọn obìnrin láti ọdún 50 sí 71, lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ sọ fún obìnrin. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè pe òun padà kì í sá.

Ìgbàgbọ́ mìíràn ni pé ẹni tó bá ti ń fi ọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò nílé ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ní ìlú Shanghai ní Ṣáínà, wọ́n fi àwọn obìnrin bíi 266,000 tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ṣe ìwádìí. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn bí wọn yóò ṣe máa yẹ ọmú ara wọn wò. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2002 fi hàn pé ikú jẹjẹrẹ ọmú kò dín kù láàrin àwọn tí wọ́n kọ́. Ó dára kí obìnrin mọ bí ọmú rẹ̀ ṣe rí, kí ó lè mọ̀ bí nǹkan bá yí padà, ṣùgbọ́n kí ó má fi ìyẹn rọ́pò àyẹ̀wò. Níbi tí ẹ̀rọ kò sí, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́ dáadáa wúlò gan-an. Ní Mumbai ní Íńdíà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ yẹ ọmú àwọn obìnrin wò lọ́dún méjì méjì nínú ìwádìí tó kan àwọn tó lé ní 150,000. Lẹ́yìn 20 ọdún, láàrin àwọn tó ti pé ọdún 50 sókè, ikú jẹjẹrẹ ọmú fi nǹkan bí 30 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn ò yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé "kò sí ẹ̀rọ níbí, kí la fẹ́ ṣe" gbọ́ ìyẹn.

Lọ́dún 1988, Rosenstock tí mo dárúkọ lókè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi nǹkan kan kún èrò wọn àtijọ́: ṣé ẹni náà gbà pé ó wà lágbára òun láti ṣe ohun tó yẹ? Mo rí i pé obìnrin lè gbà pé àrùn náà lè ṣe òun, kó gbà pé àyẹ̀wò dára, síbẹ̀ kó máà lè dìde. Kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé, kò mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jágbe mọ́ ọn. Ó ṣe mí láàánú láti sọ pé ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Wọ́n ti jágbe mọ́ àwọn kan. Obìnrin tí wọ́n dójú tì nígbà ìbímọ kì í gbàgbé, ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ lọ́jọ́ náà ni pé ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ tí ara rẹ̀ bá le. A kò lè di ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Àwa la gbìn ín, àwa la sì gbọ́dọ̀ tu ú. Àwọn tó gbà gbọ́ tán náà tún wà, tó jẹ́ pé ọ̀nà jìn sí wọn tàbí pé kò sówó lọ́wọ́ wọn, mi ò gbàgbé wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2021, wọ́n ní kí ó má ju 60 ọjọ́ lọ láti ìgbà tí obìnrin bá ti yọjú kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Níbi tí wọ́n bá ti dá a dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má bi í pé kí ló dé tí kò gbà wá gbọ́.

Ohun tó sábà ń gbé obìnrin dìde kì í tóbi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Jẹ́ ká jọ lọ." Ọmọ rẹ̀ bá a mú ọjọ́. Dókítà tó lọ rí nítorí orúnkún bi í pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ yẹ ọmú yín wò kẹ́yìn?" Ìbéèrè dókítà yẹn lágbára ju bí ọ̀pọ̀ dókítà ti mọ̀ lọ. Mo bẹ gbogbo dókítà tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ máa bi wọ́n, kódà bó bá jẹ́ orúnkún ló gbé wọn wá.

Ní tiyín, Olóòtú, mo ń bẹ yín pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n wo jẹjẹrẹ ọmú sàn fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe rí tiwọn, ohun tí wọ́n rò lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ má lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ dárúkọ òun, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ àwọn àmì wọ̀nyí jáde lọ́nà tí ojú àgbàlagbà yóò lè kà á: kókó lọ́mú tàbí lábẹ́ abíyá, yálà ó ń dunni tàbí kò dunni, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti orí ọmú láìjẹ́ pé èèyàn ń fọ́mọ lọ́mú, awọ ọmú tó jin kòtò, tó nípọn tàbí tó pọ́n, ọmú kan tó ṣàdédé yí ìrísí padà. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn, kí ó má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò kankan, kí ó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.

Kí ẹ má sì dúró di oṣù kẹwàá tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú. Oṣù tó ń bọ̀ yìí ti dára. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bá yín yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, mo wà nílé, àyè sì wà fún mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì